Ẹ Béèrè Ibi tí Hard Disk Ń Lọ

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, bí oníbàárà bá gbé hard disk wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní ọjà Mont-Bouët, tó ní kí ẹ bá òun fọ́máàtì rẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ bi í pé: "Ọ̀gá, ibo lẹ máa gbé e lọ?"

Ayafídíò ìgbéyàwó lè máa fi Mac ṣiṣẹ́, kí ìyàwó ní Windows, kí bàbá ìyàwó sì fẹ́ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹ bá fi fọ́máàtì NTFS sí i torí pé òun ni Windows gbé síwájú yín, Mac á kà á, àmọ́ kò ní gbà kí ayafídíò kó nǹkan sí i. Á ní ẹ ti ba hard disk òun jẹ́. APFS ti Mac tún burú jù: Windows ò mọ̀ ọ́n rárá, á máa béèrè bóyá kí òun fọ́máàtì rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á gbà, ìgbéyàwó ti pa rẹ́ nìyẹn! FAT32 ń wọ ibi gbogbo, ṣùgbọ́n kò gba fáìlì kan tó tó 4 GB.

exFAT lẹ máa lò. Microsoft gbé e jáde ní 2006, Mac ń kà á, ó sì ń kọ sí i. Linux ló pẹ́ lẹ́yìn: 2019 ni Microsoft ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àlàyé exFAT síta. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ mìíràn ò mọ̀ ju FAT32 lọ. Nítorí náà, ẹ ṣe fláàṣì FAT32 kékeré lọ́tọ̀ fún bàbá ìyàwó.

Ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù inú rẹ̀ síbòmíràn, kí olóhun fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ yọ hard disk yòókù lára kọ̀ǹpútà. Lórí Mac, ẹ yan Table de partition GUID kí ẹ tó tẹ Effacer, torí MBR, ìyẹn tábìlì àtijọ́, ò lè mójú tó ju 2 TB lọ. Lórí Windows, Formatage rapide (fọ́máàtì kíákíá) kì í nu ohun tó wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta hard disk rẹ̀, ẹ yọ àmì kúrò níbẹ̀, bó tilẹ̀ gba ọ̀pọ̀ wákàtí.

Àbùkù exFAT ni pé bí wọ́n bá fà á yọ, tàbí tí iná lọ nígbà tó ń kọ nǹkan, kò ní àkọsílẹ̀ tí NTFS fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, ẹ fi bí wọ́n ṣe ń tẹ Éjecter kí wọ́n tó yọ hard disk han oníbàárà. Kí ẹ tó gbowó, ẹ kó fídíò tó ju 4 GB sínú rẹ̀ láti Windows, kí ẹ ṣí i lórí Mac, kí ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà, kí ẹ sì pa á rẹ́ níbẹ̀.