Ẹ Bi Rédíétọ̀ Àtijọ́ Léèrè Ohun Tó Pa Á

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìjan-Èkìtì àti ní gbogbo ojú ọ̀nà tó ti Adó wá, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ti pẹ́ lọ́kàn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín gbé rédíétọ̀ tuntun ti Adó dé. Ó ti tú ti àtijọ́ kúrò nínú pikọ́ọ̀pù Peugeot 504 kan, ó sì ti fẹ́ máa de tuntun mọ́ ọn kí n tó dé ìdí ọkọ̀. Mo ní kó dúró ná. Mo bi í pé, "Kí ló pa èyí tí o tú?" Ó ní, "Ó ti gbó ni, bàbá." Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Kò rí èsì fọ̀.

N kò bínú sí i, nítorí bí èmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé iṣẹ́. Mo ti gba fírídọ̀ọ̀mù, ṣùgbọ́n n kò tíì lo ọdún méjì ní àyè ara mi. Bàbá kan tó ń kó iṣu láti oko lọ sí ọjà Adó gbé pikọ́ọ̀pù rẹ̀ wá, omi ń jò lára rédíétọ̀. Mo ra tuntun, mo dè é, mo bu omi sí i, mo gbowó. Kí oòrùn tó wọ̀, bàbá ti wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n fi okùn wọ́ ọ padà wá fún mi. Ó kún fún iṣu, ó ń gun òkè lọ́wọ́ nígbà tí omi hó, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì jó, tọ́ọ̀pù sìlíńdà wọ́. Nígbà tí mo tú rédíétọ̀ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́rin yẹn, ẹrẹ̀ pupa ló di ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹrẹ̀ náà kò bá a ti ọjà wá. Inú bọ́lọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì ló ti wà láti ọdún gbọọrọ tí wọ́n ti ń bu omi odò sí ọkọ̀ náà, èmi ni mo sì gbé rédíétọ̀ tuntun síwájú rẹ̀ pé kó gbé e mì. Iṣu bàbá kò bá ọjà. N kò gba owó iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n owó tọ́ọ̀pù sìlíńdà ju agbára mi lọ nígbà náà, òun ló san án. Bàbá náà ti lọ bá àwọn àgbà báyìí, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì kúrò lára mi.

Ẹ má wo 504 bí àlòkù lásán. Ọdún 1968 ni àwọn ará Faransé kọ́kọ́ gbé e jáde. Nígbà tó di 1969, òun ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù. Oṣù kẹta ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúnà, ọdún yẹn náà ló sì gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kenya, lójú ọ̀nà eruku àti ẹrẹ̀ tí ọkọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kú sí. Pikọ́ọ̀pù tirẹ̀ dé nígbà tó kù díẹ̀ kí 1980 wọlé. Kòkó, pákó, símẹ́ǹtì, iṣu, kò sí èyí tí kò rù nínú ilẹ̀ Èkìtì. Ó ti ń ná ọ̀nà Ìjan yìí kí wọ́n tó dá Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní 2009, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀. Lónìí kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó ń ṣe é ní tuntun mọ́. Èyí tí àìbìkítà yín bá pa, ó ti lọ nìyẹn, owó kò lè ra ẹgbẹ́ rẹ̀ ní tuntun.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ooru àpọ̀jù ni ọ̀tá rẹ̀. Alumíníọ́ọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sìlíńdà, irin ni bọ́lọ́ọ̀kù. Bí iná bá mú àwọn méjèèjì, alumíníọ́ọ̀mù a máa wú tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin. Bí ooru bá kọjá ààlà, ọ̀kan a máa fa ara rẹ̀, èkejì kò ní tẹ̀lé e, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín wọn ni yóò jìyà rẹ̀. Sílíìfù tí písítìn ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀, omi ló yí i ká tààrà. Ìdọ̀tí yòówù tó bá bá omi wọlé, ìdí sílíìfù yìí ló ń lọ jókòó sí, bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣe ń jókòó sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ibi tó bá bò mọ́lẹ̀, omi kò lè gba ooru níbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ géèjì lè wà láàárín kí ibẹ̀ ti máa jó.

Nítorí náà, ẹ kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ọkọ̀ kí ẹ tó dá a. Bí ó bá ń gbóná níbi tó dúró sí, tàbí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọjà, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ń balẹ̀ bó bá ti ń sáré lójú títì, fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Atẹ́gùn ojú títì ló ń bá fáànù ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Fáànù 504 onípẹtiróòlù kì í yí nígbà gbogbo. Bí omi bá gbóná, iná mànàmáná ni yóò fà á mọ́ra kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Wáyà tín-ín-rín kan tó bá já ti tó láti sọ ọ́ di ẹni tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ra rédíétọ̀ méjì tẹ̀léra wọn nítorí wáyà bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ orí òkè, pẹ̀lú ẹrù, ló ti ń gbóná, ó ṣeé ṣe kí rédíétọ̀ ti dí, tàbí kí wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù má lágbára mọ́, tàbí kí bẹ́líìtì máa yọ̀. Bí omi bá ń dínkù láìjẹ́ pé a rí ibi tó ń jò sí, ẹ ṣí ìdérí nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ tanná sí ọkọ̀, kí ẹ sì wo ẹnu rẹ̀. Bí ìfóófòó bá ń hó jáde láìdáwọ́ dúró, gásíkẹ́ẹ̀tì ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ pẹ̀lú. Bí ọ́ìlì bá ti rí bí ẹ̀kọ mímu, ẹ má ná kọ́bọ̀ oníbàárà lórí rédíétọ̀ kí ẹ tó ṣí orí ẹ́ńjìnnì.

Bó bá wá jẹ́ rédíétọ̀ ló kú lóòótọ́, ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Ẹ má fi ẹnu júwe rẹ̀ fún olùtajà. Ti onípẹtiróòlù àti ti onídísù kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ fi wọ́n dọ́gba lórí ilẹ̀, kí ẹ wo ẹnu tí họ́ọ̀sì ń wọ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ihò bóòtì, bí ó ṣe ki tó, àti ọrùn tí ìdérí ń jókòó lé. Bàbà àti idẹ ni wọ́n fi ṣe àwọn àtijọ́, òjé ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tuntun jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi rọ́bà ṣe orí rẹ̀. Èyí fúyẹ́, ó sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n bí orí rọ́bà bá sán, kò sí ẹni tó lè fi òjé jó o fún yín. Èmi fara mọ́ pé kí ẹ gbé ti bàbà tó dí lọ bá ẹni tó mọ òjé jó, kó ṣí orí rẹ̀, kó gún gbogbo ọ̀pá inú rẹ̀, bí ara rẹ̀ bá ṣì dúró ṣinṣin. Bí bàbà àlòkù kò bá níye lórí, àwọn tó ń rà á kì bá tí máa wá a kiri.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Kí rédíétọ̀ tuntun tó kan ọkọ̀ náà, ẹ ṣan inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ tú họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀, ẹ yọ tàmósítáàtì, kí ẹ fi omi gba ibi tó ń bá jáde wọlé, kó lè ti ìdọ̀tí padà sẹ́yìn. Nọ́ọ̀tì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́lọ́ọ̀kù tí ọ̀pọ̀ yín kò tú rí láyé yín. Ẹ tú u. Bí omi kò bá jáde, ẹ má sọ pé inú rẹ̀ mọ́, ẹ fi wáyà gún un títí yóò fi ya. Ẹ máa ṣàn án títí omi tó ń jáde yóò fi ṣeé fọ ojú. Ó lè gba wákàtí méjì, ó lè gba ọ̀sán gbogbo. Kò sí oníbàárà tó máa rí iṣẹ́ yìí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gbowó rẹ̀ láìṣe é. Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì, Ìrè tí í ṣe ìlú Ògún wà láàárín wa níhìn-ín. Ẹ mọ ohun tí irin jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá purọ́ lórí rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń dè é, ẹ má gbàgbé rọ́bà tó ń gbé ìdí rẹ̀. Bí irin bá jókòó lé irin, gbígbọ̀n ọkọ̀ lójú ọ̀nà gbágungbàgun yóò já òjé rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí fáànù kí ẹ tó tanná, kí ẹ rí i pé kò kan ewé rédíétọ̀ níbì kankan. Kílíìpù ni kí ẹ fi de họ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé fi wáyà dè é. Ẹ gbé imú ọkọ̀ sókè díẹ̀, ẹ rọra máa bu omi, kí ẹ máa fi ọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì kí atẹ́gùn tó há sínú lè rí ọ̀nà jáde. Ẹni tó bá bu omi kún ẹnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó dé e, atẹ́gùn ló bu sí i.

Ẹ dá tàmósítáàtì padà sí àyè rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwa àgbà ló kọ́ yín láti máa yọ ọ́ sọnù, a sì ṣì yín lọ́nà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kì í gbóná tó bó ṣe yẹ a máa jẹ epo, a sì máa tètè jẹ ara rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì mìíràn, bí a bá yọ ọ́, omi púpọ̀ yóò máa gba ọ̀nà àbùjá láìdé rédíétọ̀ rárá. Ní ti omi, omi òjò tó mọ́ sàn ju ti kànga ẹ̀rọ tó máa ń lẹ̀ funfun mọ́ inú kẹ́tùlù, ti odò ni kí ẹ jìnnà sí. Ẹ po kúláǹtì mọ́ ọn. Kì í ṣe nítorí òtútù tó ń mú omi dì, kò sí irú òtútù bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì, bí kò ṣe nítorí pé irin, alumíníọ́ọ̀mù, bàbà àti òjé tó wà nínú omi kan náà yóò máa jẹ ara wọn bí kò bá sí ohun tó ń là wọ́n. Ẹ pa kúláǹtì mọ́ kúrò lọ́wọ́ ọmọdé àti ewúrẹ́: ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ìdérí tó ń di omi mú ló ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó hó, nítorí náà, èyí tí rọ́bà rẹ̀ bá ti já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì ṣí i nígbà tí ọkọ̀ gbóná, ohun yòówù kí onímọ́tò máa sọ létí yín. Fẹ̀sọ̀fẹ̀sọ̀ ni à ń lá ọbẹ̀ gbígbóná, mo sì mọ àwọn tí àpá rẹ̀ wà lójú wọn títí dòní.

Pikọ́ọ̀pù ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn lo ọjọ́ méjì sí i lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ọmọ náà tú nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ bọ́lọ́ọ̀kù, ẹ̀kán omi kan kò jáde, àfi ìgbà tó fi wáyà gún un. Ohun tó tú jáde lẹ́yìn náà kún abọ́ kan. Ọkọ̀ náà ti kó iṣu lọ sí Adó lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà, ọwọ́ géèjì kò sì kúrò láàárín.