Dídá Rìn Lójú Omi: Kí Ni Ẹ̀sìn Wí?

Ìbéèrè tí ẹ̀kọ́ wa dá lé lóṣù yìí ni pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí Mùsùlùmí dá nìkan wa ọkọ̀ láti Igbókòdá gba inú odò lọ sí Ayétòrò tàbí Awoye? A mọ̀ pé ọmọ Ìlàjẹ ń wa ọkọ̀ kí ó tó mọ Alif. Kì í ṣe ti ilé-sí-ilé ni à ń wí, ìrìnàjò gidi ni.

Ẹ̀rí kìíní: Abdullahi ọmọ Umar gba Hadiisi kan wá, èyí tó jẹ́ kí á mọ̀ pé ewu dídá rìn lóru ju bí a ti rò lọ. Imaamu Bukhari kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rí kejì: nígbà Ogun Kòtò, ọdún 5 Híjírà, Zubayr ọmọ Awwam dá lọ wá ìròyìn àwọn ọ̀tá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì yìn ín. Ànábì Musa náà dá sá lọ sí Madyana, bí Súrà Qasas ti sọ.

Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ní: láìsí ìdí pàtàkì, makurúù ni, kì í ṣe harámù. Ní ti arábìnrin, Hadiisi ní kí mọ̀hírámù rẹ̀ bá a lọ.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó wọ omi Nàìjíríà ní 1984 máa ń dì mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Òkun sì ti gba ilẹ̀ púpọ̀ ní Ayétòrò àti Awoye. Ibi tí bàbá rẹ fi ṣe àmì lè ti di omi. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ta ni yóò di àjẹ̀ mú nígbà tí o bá ń tún un ṣe? Bí o bá ré sómi, ta ni yóò na ọwọ́ sí ọ?

Ẹni tó bá di dandan fún:
1. Kí ó sọ ọ̀nà tí yóò gbà àti wákàtí tí yóò dé fún ará ilé.
2. Kí ó lọ lójú ọ̀sán, kí ó sì bi àwọn àgbà nígbà tí omi ń kún àti ìgbà tí ó ń fà.
3. Kí ó mú àjẹ̀, iná tọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì.
4. Bí àkókò ìrun bá tó, tí ìdúró sì lè da ọkọ̀ dé, kí ó jókòó kírun.

Bí ẹ bá pé mẹ́ta, ẹ fi ẹnì kan ṣe amírù. Àṣẹ Ànábì ni. Gbígbára lé Ọlọ́hun kò ní kí ènìyàn gbàgbé àjẹ̀ sílé.

Kí Ọlọ́hun máa mú wa gúnlẹ̀ láyọ̀. Aamiin.