Àgbà Tó Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn

Àwọn baba wa ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, fúnra rẹ̀ ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ìdí ọbẹ̀ la ti sábà máa ń pa òwe yìí, nígbà tí bàbá bá jẹ ẹran tán pátápátá tí kò ro ti ọmọ tó gbé abọ́ wá. Etí òkun ni mo fẹ́ gbé e lọ lónìí, nítorí orí pańlá kan tí mo rẹ sínú omi gbígbóná ní ilé ìdáná mi.

Kí n tó rẹ ẹ́, ó gbẹ bí igi. Mo fi ọwọ́ kàn án, ó ń dún kóko. Mo ya ẹnu rẹ̀ wò, kò sí ahọ́n níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọdé ló gé e. Ní àwọn erékùṣù Lofoten, lápá àríwá Nọ́rwèy, àwọn ọmọ ilé ìwé ló máa ń gé ahọ́n ẹja kọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n ń gbẹ di pańlá, lásìkò òtútù. Wọ́n á gbé orí ẹja gún irin ṣóńṣó, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé ahọ́n, wọ́n á ju orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Owó ahọ́n, tiwọn ni. Orí ni wọ́n ń fi okùn so pọ̀ kọ́ sórí igi, òun ló sì ń bá ọkọ̀ òkun wá sí Nàìjíríà. Èyí tó dára jù nínú ara ẹja náà, Ítálì ló ń gbà lọ.

Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹrin ni kọ́ọ̀dù ń ti Òkun Barents wá yé ẹyin sí Lofoten. Wọn kì í fi iyọ̀ sí i, wọn kì í yan án. Afẹ́fẹ́ tó tutù ju ọyẹ́ wa lọ ló ń gbẹ ẹ́ lórí igi títí di oṣù karùn-ún. Nǹkan bí 1,000 ọdún ni wọ́n ti ń tà á kiri, ẹja náà ò sì tíì tán. Ohun tó mú kó rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Irú ẹja yìí kan náà wà ní Newfoundland, ní Kánádà. Wọ́n pa á bí ẹni pé òkun kò nídìí. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje 1992, mínísítà John Crosbie kéde pé kí gbogbo àwọ̀n wọlé. Nǹkan bí 30,000 èèyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọdún 2 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, àmọ́ ó di 2024 kí ìjọba tó kéde pé òfin náà parí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 1992 ti pé 32 kó tó gbọ́ pé wọ́n ṣí òkun bàbá rẹ̀. Igbá òfìfo ni wọ́n rù délé.

Nọ́rwèy náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sí i. Ní oṣù kẹrin 1989, wọ́n ní kí àwọn apẹja etíkun káwọ̀n nílẹ̀. Ó dun àwọn èèyàn náà dọ́kàn. Ṣùgbọ́n tútù la ti ń ká ẹja. Bó bá gbẹ tán, dídá ló ń dá. Láti 1987 ni wọ́n ti ṣòfin pé kọ́ọ̀dù tí àwọ̀n bá kó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dà á sómi padà, kí wọ́n lè mọ iye tó kú. Tí ẹja wẹ́wẹ́ bá ju 15 lọ nínú 100 tí àwọ̀n kó, wọ́n á ti apá òkun ibẹ̀ pa. Lọ́dọọdún, Nọ́rwèy àti Rọ́ṣíà ń jókòó pín ìwọ̀n tí oníkálukú lè pa. Ní 2013, àpapọ̀ rẹ̀ tó 1,000,000 tọ́ọ̀nù. Ẹja dín kù, wọ́n sì gé e wá sí 340,000 ní 2025. Mo mọ̀ pé irú nǹkan báyìí ń mú kí pańlá wọ́n lọ́jà wa. Mo fara mọ́ ọn, nítorí ọ̀wọ́n sàn ju kò sí lọ.

Ẹ̀yin ará wa tó ń dẹ àwọ̀n lọ́sà, láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìlàjẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ojú àwọ̀n yín. Bí ẹja tó gùn bí ìka kan ò bá lè yọ níbẹ̀, ẹja ọdún tó ń bọ̀ lẹ ń kó. Ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń pẹja létí omi kan ni kẹ́ ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan.

Ẹ̀yin ìyá tó ń sebẹ̀ náà, ẹja tó ti òkun jíjìn wá ò yẹ kó ṣòfò lọ́wọ́ yín. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ẹ fọ yanrìn kúrò nínú ẹ̀yà mímí rẹ̀, kẹ́ ẹ wá sè é títí tí yóò fi rọ̀. Ẹ má da omi rẹ̀ nù, òun ni kẹ́ ẹ fi se ẹ̀fọ́ rírò, kírú sì pọ̀ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ya orí náà, ẹran kékeré kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó funfun, ó sì rọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọmọ tó máa gbé abọ́.