Ọtí, Ẹ̀jẹ̀ àti Ọ̀rẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ l'Ọ́yẹ́-Èkìtì, ẹ gbọ́. Àwọn onímọ̀ tó fi ìbejì ṣe ìwádìí rí i pé nǹkan bí ìdajì ewu kí ọtí di bárakú ló ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ìran wá. Ẹni tí ọtí kì í tètè pa gan-an ló yẹ kó bẹ̀rù jù, torí yóò mu púpọ̀ kó tó mọ̀ ọ́n lára. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá bọ́ sáàárín ọ̀rẹ́ tó ń fi eyín já ọtí ọ̀rá lẹ́yìn ìdánwò, ewu náà á le sí i. Ẹ bi àwọn òbí yín: ta ni ọtí ti bàjẹ́ nílé wa? Bí ó bá wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹnu kan ọtí rárá.