Ìdin Abẹ́ Koríko: Bí A Ṣe Lè Dá A Mọ̀ àti Bí A Ṣe Lè Kápá Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa àti àwọn ọmọ wa ni ó ń gbé inú ilé onípápá koríko ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Bí koríko náà bá rọ, wọn a bomi rin ín, wọn a da ajílẹ̀ sí i. Owó a lọ, koríko kò sì ní sọjí. Gbòǹgbò ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

1. Ta ni ọ̀tá náà?

Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Japanese beetle ni òkìkí rẹ̀ kàn jù níbẹ̀. Ọdún 1916 ni a kọ́kọ́ rí i ní Amẹ́ríkà, nítòsí Riverton ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ìbátan yímíyímí ni. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Orí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tí ń dán, ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sì pọ́n bí bàbà. Ewé àti òdòdó ni àgbà rẹ̀ ń jẹ. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń jẹ gbòǹgbò koríko. Ìdin yìí funfun bí wàrà, orí rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ní ẹsẹ̀ 6, a sì máa ká ara rẹ̀ kò bí lẹ́tà C.

2. Ìgbà ayé rẹ̀

Ní Oṣù Keje àti Oṣù Kẹjọ ni abo ń yé ẹyin sínú ilẹ̀ tí ó tutù. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹyin a pa, ìdin a sì máa jẹun títí di Oṣù Kẹwàá. Nígbà òtútù, a wọlẹ̀ lọ jìnnà. Nígbà tí ooru bá padà, a gòkè, a jẹun díẹ̀, a sì di àgbà tí ń fò ní Oṣù Kẹfà.

3. Àyẹ̀wò

Koríko a gbẹ ní abala-abala bí ẹni pé ọ̀dá dá. Bí a bá fà á tí ó ṣí bí ẹní, gbòǹgbò ti tán nìyẹn. Ẹyẹ àti ẹranko òru pẹ̀lú a máa walẹ̀ níbẹ̀ láti wá ìdin jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀dá àti àrùn lè fa gbígbẹ bákan náà. Nítorí náà, ẹ kà á. Ní ìparí Oṣù Kẹjọ, ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóròó, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, ẹ ṣí i bí ìwé, kí ẹ sì tú ilẹ̀ tó íǹṣì 3. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ìdin kò bá tó 5 níbì kan, koríko tí ara rẹ̀ le yóò fara dà á. Bí ó bá tó 10, ẹ gbé ìgbésẹ̀. Ẹ dá koríko padà, kí ẹ bomi rin ín.

4. Ìkápá

(a) Ẹ má gé koríko kúrú ju íǹṣì 3 lọ, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè jinlẹ̀. Ẹ dín omi kù ní Oṣù Keje, nítorí ẹyin kì í yè dáadáa nínú ilẹ̀ gbígbẹ.

(b) Aràn tín-ín-tìn-ín kan wà, Heterorhabditis bacteriophora, tí ń wọ inú ìdin tí ó sì ń pa á. Ìrọ̀lẹ́, ní ìparí Oṣù Kẹjọ tàbí Oṣù Kẹsàn-án, ni kí ẹ lò ó, lórí ilẹ̀ tí ẹ ti bomi rin. Oòrùn a máa pa á.

(d) Bí ó bá di ti oògùn apakòkòrò, ẹ ka àkọlé rẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé ṣeré níbẹ̀ kí ó tó gbẹ, ẹ má sì lò ó níbi tí òdòdó wà, nítorí oyin. Ní Oṣù Karùn-ún, ìdin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun tán. Owó tí a bá ná láti lé e nígbà náà, òfò ni.

(e) Ẹ ṣọ́ra fún pàkúté olóòórùn dídùn: kòkòrò tí ó ń pè wá máa ń pọ̀ ju èyí tí ó ń mú lọ.

Ẹ rántí ìwé Jónà: kòkòrò kan ṣoṣo ni ó mú kí ìtàkùn tí ó ṣíji bo wòlíì náà rọ, kò sì mọ̀ títí oòrùn fi pa á. Àwa ní àǹfààní láti tètè wò. Ẹ̀yin òbí, ẹ pe àwọn ọmọ yín nígbà tí ẹ bá ń ṣí koríko. Ẹ jẹ́ kí àwọn ni kí ó ka ìdin náà.