Èwo ni "owó obì díẹ̀"?

Ọmọ mi tó wà ní Tamale,

Ìbéèrè mẹ́rin ló wà nínú lẹ́tà rẹ, mi ò sì ní lè fara balẹ̀ dáhùn wọn, nítorí gbólóhùn kan tó o sáré kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì. O ní: "Tí ọkọ̀ náà bá ti tà tán ní gbànjo, a ó wá owó obì díẹ̀ fún àwọn ọmọ Alhaji." Èwo ni owó obì díẹ̀? Ta ló bá yín ṣírò rẹ̀?

Tún lẹ́tà rẹ kà kí o wo ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ ṣáájú gbólóhùn yẹn. O ní bàbá rẹ ra MGB aláwọ̀ ewé náà ní 1967 lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀, ọkọ̀ oníjókòó méjì tí kò lè gba ìgàn aṣọ mẹ́ta, tó jẹ́ pé fún fáàrí ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣòwò nìkan ni. O ní ní 1969 ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé Alhaji lọ́wọ́ ní àdúgbò Zogbeli ní Tamale níbẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Alhaji to òkúta sábẹ́ ọkọ̀ náà kí táyà má baà rà mọ́lẹ̀. Ó yọ bátìrì. Ó fi ẹní koríko bò ó, ọdọọdún ló sì ń pààrọ̀ ẹní náà tí òjò bá ti dá. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, á tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á ro epo ẹ́ńjìnnì sínú ihò wọn, á ti jíà bọ̀ ọ́. Òun á di táyà ẹ̀yìn kan mú, ọmọ rẹ̀ á di èkejì mú, wọn á jọ yí i lẹ́ẹ̀kan náà kí inú ẹ́ńjìnnì lè máa yí, kó má baà gan. Nígbà tí Alhaji kú, ọmọ yẹn ń bá a lọ pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Ìyẹn lo ní ẹ ó wá owó obì díẹ̀ fún.

Ẹ̀yin tí wọn ò tíì bí nígbà náà ò mọ bí ọdún 1969 ṣe rí. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ni ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Òfà, Ìgbòho àti Ṣakí ti ń tajà ní àríwá Ghana láti ayé àwọn òyìnbó, àwọn mìíràn ti bí ọmọ, wọ́n ti rí ọmọ ọmọ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wọn láti palẹ̀ ayé wọn mọ́. Aṣọ, abọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ, ilé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, nítorí ẹni tó ń rà mọ̀ pé ẹni tó ń tà ò lè dúró. Wọ́n gba Togo àti Dahomey kọjá wá sílé pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí ọwọ́ wọn ká.

Ní ọjọ́ tó rí bẹ́ẹ̀, Alhaji ì bá ti na owó táṣẹ́rẹ́ sí bàbá rẹ kó sì gba ọkọ̀ náà pátápátá. Bàbá rẹ ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí ì bá bá Alhaji wí. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló gbà. Ní oṣù kìíní 1983, àwa náà yí i padà: ìjọba Shagari lé àwọn àjèjì tí kò níwèé kúrò ní Nàìjíríà, àwọn ará Ghana ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìwọ lo kọ ọ́ pé àwọn ìbátan Alhaji wà lára àwọn tí wọ́n lé délé láti Èkó lọ́dún náà, síbẹ̀ kò fi ẹní náà sílẹ̀ láì pààrọ̀. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo rántí ìdílé kan ní Ìnísà. Bàbá wọn fi lọ́rì Bedford kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní apá Yendi. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Busia ní 1972 tí ọ̀nà tún là díẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ padà lọ, wọ́n kó ọlọ́pàá dání bí ẹni ń lọ mú olè, wọ́n já lọ́rì gbà. Ó wá ku ìwé. Wọn ò lè gbé e kọjá bodè láìsí ẹni tí yóò jẹ́rìí pé bàbá wọn ló ni ín, ẹnì kan ṣoṣo tó sì lè jẹ́rìí ni ẹni tí wọ́n kó ọlọ́pàá bá. Ọkùnrin náà ní òun ò mọ̀ wọ́n rí. Ẹ̀yìn àgọ́ ọlọ́pàá ni lọ́rì náà jẹrà sí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Peckham ni mo fẹ́ bá wí báyìí, kí o ka ibí yìí sí i létí. Ó ní kí ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ Alhaji gbọ́ iye tó máa tà. Ó ní kí ẹ fi ọ̀dà pupa fín in kó lè máa dán. Ó ní yóò tó £100,000. Ta ló sọ fún un? Láti 1962 sí 1980 ni wọ́n fi ṣe MGB ní Abingdon, gbogbo oríṣi rẹ̀ sì lé ní 500,000. Kì í ṣe Jaguar E-Type, kì í ṣe Austin-Healey 3000. Èyí tó dára lè mú bíi £10,000 wá, tàbí kó lé díẹ̀. Èyí tí kò tíì rìn láti 1969 lè má tó bẹ́ẹ̀. Nítorí owó yìí ni àgbàlagbà ọkùnrin fi ń kọ́ àbúrò rẹ̀ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún àwọn tó ń fún un lóúnjẹ.

Ọ̀dà pupa yẹn sì ni yóò ba ọjà jẹ́. Ohun tí àwọn tó ń ra ọkọ̀ àtijọ́ ní gbànjo ń wá ni èyí tí ọwọ́ kò tíì tún ṣe: ọ̀dà tó bá a jáde, ẹ́ńjìnnì tó bá a jáde, ìwé tó bá a jáde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ti jẹ abẹ́ ilẹ̀kùn àìmọye MGB gbẹ. Tamale jìnnà sókun, ọyẹ́ ibẹ̀ gbẹ, ẹní Alhaji sì gba òjò dúró. Rọ́bà àti awọ ìjókòó lè ti sán, ìyẹn ò burú. Sítíárì rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, nítorí apá òsì ni Ghana ń gbà wakọ̀ títí di ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1974. Ọkọ̀ bàbá rẹ ò tíì rin apá ọ̀tún títì Ghana rí láyé rẹ̀. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni onígbànjo máa ń tẹ̀ sínú ìwé ìpolówó rẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á sì máa béèrè ẹ̀rí. Ọ̀dọ̀ ta ni ẹ̀rí wà? Ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ fẹ́ fi owó obì tu lójú.

Àwọn ìbéèrè tó kù ò gba àkókò. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wá pátákó irin kékeré tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Tó bá fi GHN3 bẹ̀rẹ̀, tí L kò sì tẹ̀lé e, ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká kúrò tí sítíárì rẹ̀ wà lọ́tùn-ún ni. Fi nọ́ńbà náà pẹ̀lú ti ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́ sí British Motor Museum ní Gaydon. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìwé àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é wà, wọ́n sì máa ń ta ìwé ẹ̀rí tó ń sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọkọ̀ àti àwọ̀ tó ní nígbà tó jáde. Ọkọ̀ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọn ò sì yí padà, VAT ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sábà ń gbà lórí rẹ̀ tó bá ń wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dípò 20. Ẹ ó san owó ọkọ̀ ojú omi láti Tema, onígbànjo á sì yọ tirẹ̀. Kí ẹ jẹ́ kó kọ iye tí kò gbọdọ̀ tà á sísàlẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn.

Ṣùgbọ́n má tíì pe onígbànjo kankan. Lọ jókòó níwájú àkọ́bí Alhaji. Sọ iye tí ẹ rò fún un láì bu nínú rẹ̀. Béèrè bóyá àwọn fẹ́ kí ọkọ̀ náà kúrò lágbàlá wọn rárá, torí wọ́n lè má fẹ́, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá gbà, ẹ yọ ìnáwó kúrò, kí ẹ fi ìdajì èyí tó kù lọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ní ó ti pọ̀ jù, àwọn ni kó dín in, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kí gbogbo ọmọ bàbá rẹ sì fọwọ́ sí i, nítorí ogún gbogbo yín ni, kì í ṣe ti ẹni tó wà ní Peckham nìkan.

Mo ti pariwo mọ́ ọ tó. Mo rí i pé o fa ìlà sórí "díẹ̀" lẹ́ẹ̀kan kí o tó tún un kọ. Ọkàn rẹ ò gbà á, ìdí nìyẹn tó o fi kọ̀wé sí mi dípò kí o ṣe bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe wí. O tún kọ ọ́ pé ìyàwó ilé wọn ń gbé tuo zaafi àti ọbẹ̀ ayoyo tó jọ ewédú fún ọ lálaalẹ́, àti pé nígbà tó o jókòó sínú ọkọ̀ náà, o ò lè dìde bọ̀rọ̀. Ọmọ dáadáa ni ọ́. Bí bàbá rẹ kò ṣe rówó padà wá gbé e, kò sí ọwọ́ rẹ níbẹ̀, má jẹ́ kó máa dùn ọ́ jù. Jẹun alẹ́ òní ná, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó. Tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá pè, sọ fún un pé èmi ni mo ní kó dúró. Gbànjo ọkọ̀ àtijọ́ kì í wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á tún ṣe òmíràn. Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn ìjókòó yín, mo fẹ́ gbọ́ ohun tí àkọ́bí Alhaji bá sọ.