Ìkánjú Wa Ni Ewu Àkọ́kọ́ Nínú Ṣọ́ọ̀bù Mẹkáníìkì

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọkọ̀ tí a fi ń ṣòwò. Ẹlòmíràn fi ń kó gàrí àti àgbàdo láti oko wá sọ́jà, ẹlòmíràn fi ń kó èrò. Owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni a sì fi ra púpọ̀ nínú wọn, tí oníduúró fọwọ́ sí ìwé fún wa. Bí ọkọ̀ bá dúró, òwò dúró. Bí òwò bá dúró, owó ẹgbẹ́ kò ní wọlé, oníduúró kò sì ní rí oorun sùn. Ìdí nìyí tí a fi gbé ẹ̀kọ́ oṣù yìí ka orí ìtọ́jú ọkọ̀ àti ààbò nínú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Ẹ má ṣe wí pé, "Àwa kì í ṣe mẹkáníìkì, kí ló kàn wá?" Ó kàn wá gan-an ni. Ta ló máa ń dúró lé mẹkáníìkì lórí, tí yóò máa pariwo pé, "Ọ̀gá, ẹ ṣe é kíá, ọjà ti ń tú"? Ṣebí àwa náà ni. Bí a bá ti ń lé e báyìí, kò ní ráyè wá ohun tí yóò fi ti ọkọ̀ dáadáa. Yóò ní kí ọmọ iṣẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ lórí jáàkì lásán. Kò ní dúró kí rédíétọ̀ tutù. Yóò ṣí i bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ọ̀nà méjì ni a lè fi dín ìkánjú yìí kù. Èkíní ni kí á máa wo ọkọ̀ wa láràárọ̀, kí àìsàn rẹ̀ má baà di ti pàjáwìrì. Èkejì ni kí á mọ àwọn iṣẹ́ tí a kò gbọ́dọ̀ kánjú ṣe.

APÁ KÌÍNÍ: OHUN TÍ A Ó MÁA WÒ LÁRÀÁRỌ̀

1. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì sì ti sinmi. Ẹ fa ọ̀pá géèjì yọ, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún fà á yọ. Àárín àmì méjèèjì ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà. Bó bá kéré jù, irin yóò máa ha irin. Bó bá pọ̀ jù, ìyẹn náà ò dáa.

2. Omi rédíétọ̀. Àárọ̀ tí ọkọ̀ ṣì tutù ni kí ẹ wò ó. Bí omi bá ń dín kù lójoojúmọ́, ó ń jò níbì kan ni. Ẹ má kàn máa bu omi sí i, ẹ wá ibi tó ń jò.

3. Ọ́ìlì bíréèkì. Bó bá ń lọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé páàdì ti jẹ, ó sì lè jẹ́ pé ó ń jò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i láé. Ó máa ń mú kí róbà inú bíréèkì wú, bíréèkì kò sì ní ṣeé gbọ́kàn lé mọ́.

4. Táyà. Kí ọkọ̀ tó rìn ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, torí táyà tó ti gbóná kì í sọ òótọ́. Iye tó yẹ wà lára ẹnu ọ̀nà dírẹ́bà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bí ẹ bá ń ra táyà, pàápàá tòkunbọ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Bí ẹ kò bá rí i ní ojú kan, ẹ wo ojú kejì. Táyà lè máa dán, kó sì ti gbó.

APÁ KEJÌ: IṢẸ́ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ KÁNJÚ ṢE

1. Gbígbé ọkọ̀ sókè. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ ni, kò wà fún dídì í mú. Kí ilẹ̀ le, kó tẹ́jú, kí á fa bíréèkì ọwọ́, kí á fi igi dí àwọn táyà tó wà nílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀, sitáńdì irin gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé kò ṣeé fọkàn tán. Ó lè rún lójijì. Bó bá jẹ́ táyà la fẹ́ pààrọ̀, kí á ti dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí ọkọ̀ tó gòkè.

2. Rédíétọ̀ tó gbóná. Omi inú rẹ̀ há mọ́bẹ̀, ó sì lè gbóná ju omi tó ń hó lórí ààrò lọ. Bí a bá ṣí ìdérí rẹ̀, yóò tú jáde sí ẹni tó ṣí i lójú. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jókòó, kí gbogbo rẹ̀ tutù. Ọjà tí a pẹ́ dé sàn ju ojú tó bó lọ.

3. Bẹntiróòlù. Ooru rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó máa ń rá nílẹ̀ títí yóò fi bá iná wẹ́dà tàbí sìgá tó wà lókèèrè. Kí á má fi fọ ọwọ́, kí á má sì fi ẹnu fà á láti inú táǹkì. Bí ẹnì kan bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa kó lè bì. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ. Bó bá gbiná, yanrìn ni kí ẹ dà á sí, kì í ṣe omi, torí omi yóò tàn án kálẹ̀ ni.

4. Bátìrì. Ásíìdì wà nínú rẹ̀, gáàsì tó ń jáde nígbà tí a bá ń ṣáàjì rẹ̀ sì lè bú gbàmù bí iná bá ṣẹ́ sí i. Orí négátíìfù ni ká kọ́kọ́ tú, òun náà ni ká dè gbẹ̀yìn. Bí ásíìdì bá ta síni lójú, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án, kí ẹ sì sáré lọ sí ọsibítù.

5. Èéfín. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Gáàsì carbon monoxide tó ń gba ẹnu sàlẹ́ńsà jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pani. Jẹnẹrétọ̀ tí a ń gbé sẹ́yìn ìsọ̀ wa náà ń tú irú rẹ̀ jáde.

OHUN TÍ Ó KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

Bí a bá ń wá mẹkáníìkì, ká má béèrè iye owó nìkan. Ká wò ó bóyá ó ní sitáńdì, bóyá garawa yanrìn wà nítòsí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kí òbí béèrè ohun kan náà kó tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀kọ́ṣẹ́. Mẹkáníìkì tó sọ fún wa pé, "Ẹ ní sùúrù, kò tíì tutù," kì í ṣe ọ̀lẹ. Òun gan-an ni ká máa bá ṣe. Àwọn mẹkáníìkì tó wà nínú ẹgbẹ́ wa náà lè pa owó pọ̀ ra sitáńdì, kí wọ́n sì jọ máa lò ó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Kí ni jáàkì wà fún, kí ni kò sì wà fún?
2. Kí ló dé tí a kò fi gbọ́dọ̀ da omi sí iná bẹntiróòlù?
3. Nínú ọkọ̀ tí a fi owó ẹgbẹ́ rà, mélòó ni a wo ọ́ìlì rẹ̀ láàárọ̀ yìí?

Kí olúkúlùkù mú ìdáhùn rẹ̀ wá sípàdé. Ẹni tó bá ní ọkọ̀, kó mú dírẹ́bà rẹ̀ dání.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́